Àwọ̀ ewé tó wà lórí oko bàbá yín

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá wa fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún wa lẹ́bàá Ìtagunmódì, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan wá síbẹ̀ pẹ̀lú òòlù àti fóònù, wọ́n ṣa òkúta díẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rí máàpù ìjọba kan tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kun gbogbo agbègbè wa. Ó ní wúrà ni wọ́n fi ń júwe. Ó fẹ́ ká gé kòkó náà, ká gbẹ́ ilẹ̀. Ṣé máàpù lè mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí? Báwo ni àwọn tó yà á ṣe mọ̀?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú oko bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn lórí èyí tó ká yín lára jù. Àwọ̀ ewé yẹn kò sọ pé wúrà wà nínú oko yín. Orúkọ àpáta ló sọ: àpáta dúdú kan tó ń ta àwọ̀ ewé díẹ̀, tó wúwo lọ́wọ́, tí àwa onímọ̀ àpáta ń pè ní amphibolite. Àwọ̀ ewé la sábà máa ń fi kùn ún, bí a ṣe máa ń fi pupa kun granite. Kí ẹ̀gbọ́n yín wo ẹ̀gbẹ́ máàpù náà dáadáa, yóò rí àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n kun àwọ̀ sí, tí wọ́n kọ orúkọ àpáta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ka máàpù, kí ojú tó lọ sí àárín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé náà ní ohun kan tó ń sọ fún yín, ohun tó tóbi sì ni. Tí òjò àti oòrùn bá jẹ amphibolite fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ilẹ̀ amọ̀ pupa tó jinlẹ̀ ló máa ń dà. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń di omi mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkó sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí Smyth àti Montgomery ń to oríṣi ilẹ̀ tó wà ní àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nínú ìwé wọn tó jáde ní 1962, Ìtagunmódì ni wọ́n fi sọ irú ilẹ̀ yìí lórúkọ. Títí di òní, ẹni tó bá ń kọ́ nípa ilẹ̀ kòkó ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò bá orúkọ ìlú tó wà lẹ́bàá oko yín pàdé nínú ìwé. Bí kòkó bàbá yín bá ń so dáadáa, àpáta abẹ́ ilẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbé àáké.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀. Agbègbè Iléṣà wà nínú ohun tí a ń pè ní schist belt (schist ni àpáta tó máa ń là ní pelebe-pelebe): tẹ́ẹ́rẹ́ àpáta tó gùn láti gúúsù lọ sí àríwá, tí àwọn àpáta tó dàgbà jù ú lọ fún mọ́ àárín. Irú rẹ̀ pọ̀ ní ìdajì Nàìjíríà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó wà ní apá Ìsẹ́yìn, ó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, ó wà ní Igarra, títí dé Maru àti Anka ní Zamfara. Láti fi ọjọ́ orí ilẹ̀ wa yé yín, àwọn tó wọn ọjọ́ orí granite gneiss Ìbàdàn (gneiss ni àpáta líle tó ní ìlà-ìlà lára), tí èsì wọn jáde ní 1970, bá a pé ó tó nǹkan bí 2,200 mílíọ̀nù ọdún. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ yìí ti gbóná, ó ti ká bí ẹní, ó ti ya, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn, tó sì fi àmì tó pọ̀ jù sílẹ̀, ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Pan-African ni a ń pè é. Ìgbà yẹn ni granite ńlá bíi ti Òkè Ìdànrè ru wá sókè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Ìgbà yẹn náà ni àpáta Ìjẹ̀ṣà ya gba àárín, tí apá kan sì fara nu èkejì kọjá. Ibi tó ti ya yẹn ni Ifewara fault. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀wàrà, àwọn olùwádìí sì ti tọpa rẹ̀ lọ sí àríwá títí dé Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni amphibolite pọ̀ sí. Ní ìlà-oòrùn, quartzite ló gba ilẹ̀, ìyẹn iyanrìn àtijọ́ tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ di àpáta líle. Bí ẹ bá ti gun òkè lọ wo Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí, orí quartzite náà ni omi yẹn ti ń já. Òun náà ló gbé òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dúró.

Ó wá kù bí ẹni tó ya máàpù ṣe mọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, kí kọ̀ǹpútà tó dé, ènìyàn ló rìn ín, títí di òní, máàpù tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹsẹ̀ rìn kì í pé tí yóò fi já ènìyàn kulẹ̀.

Ẹ bá mi ká lọ sí etí odò kékeré kan ní nǹkan bí oṣù kejì ọdún, nígbà tí omi ti fà. Ẹ̀yìn àpáta yọ síta láàárín odò. Èèhọ̀n ti bò ó, ara rẹ̀ sì ti pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ẹni tó bá fi ojú yẹn dá a mọ̀ yóò ṣìṣe, nítorí awọ àpáta kì í sọ òótọ́ nípa inú rẹ̀. N ó fi òòlù gbá etí rẹ̀ kan ya. Inú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là yóò dúdú, yóò máa dán. N ó gbé e sún mọ́ ojú, n ó fi awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: àwọn ẹ̀yà tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ dúdú, gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà, pẹ̀lú funfun díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Amphibolite nìyẹn. Lẹ́yìn náà n ó gbé òòlù lọ jìnnà, torí irin rẹ̀ yóò fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, n ó wá fi kọ́ńpáàsì lé ojú àpáta. Ohun méjì ni mo ń wá: ibi tí àwọn ìlà ara àpáta kọ orí sí, àti ibi tí wọ́n tẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àríwá sí gúúsù ni wọ́n sábà máa ń kọ orí sí, torí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ká nígbà Pan-African. N ó kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà GPS, n ó bu òkúta kan sínú àpò, n ó kọ nọ́ńbà sí i lára, n ó sì gòkè lọ sí ibòmíràn.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan lè mú irú ibi mẹ́wàá wá, ó sì lè mú méjì péré wá. Ilẹ̀ wa kò dà bí aṣálẹ̀ tí gbogbo àpáta wà ní ìhòòhò. Yangí àti amọ̀ bò ó, ó lè jinlẹ̀ tó mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó kan àpáta tó ṣì le. A wá ń wá ẹlẹ́rìí mìíràn. Kòtò ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Erùpẹ̀ tí agbẹ́kànga dà sẹ́nu kànga. Ọ̀gán, nítorí pé ikán a máa gbé erùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ohun tí yóò sì gba ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́ta láti gbẹ́, ikán ti kó o síta sílẹ̀ fún wa. Àwọ̀ ilẹ̀ pàápàá ń sọ̀rọ̀: amọ̀ pupa lórí amphibolite, ilẹ̀ oníyanrìn tó ń dán wínniwínni lórí schist tó kún fún mica. Quartz kì í sì í jẹrà. Nígbà tí gbogbo ohun tó yí i ká bá ti di erùpẹ̀, òkúta funfun líle náà yóò ṣì wà lórí ilẹ̀, tí ó tò lọ bí ìgbà tí ènìyàn fi sọ ààlà. Àgbẹ̀ tó ń kó o kúrò lójú ọ̀nà ọkọ́ rẹ̀ máa ń mọ ibi tó gbà lọ ju onímọ̀ àpáta lọ.

Ẹ padà wo máàpù náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín báyìí. Ẹ ó rí àmì kéékèèké tó jọ lẹ́tà T, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ pé ẹnì kan dúró níbí, ó rí àpáta, ó wọn ọ́n. Nọ́ńbà náà ni ìwọ̀n tí àpáta fi tẹ̀. Ẹ tún wo ìlà tó ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ mìíràn. Níbi tí ìlà bá ti lọ geere, ẹni tó yà á ní òun rí ààlà náà tàbí òun sún mọ́ ọn gan-an. Níbi tó bá ti já kélekèle, àròjinlẹ̀ ló fi yà á. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí máàpù, ìlà tó já kélekèle ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, torí òun ló ń jẹ́ kí n mọ ibi tí ìmọ̀ ẹni tó yà á parí sí.

Mo ní ìdí. Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, mo ya ìlà geere kan gba inú oko bàbá àgbà kan kọjá, amphibolite lápá ọ̀tún, schist lápá òsì. N kò rí àpáta kankan nínú oko yẹn. Òjò ti ṣú, ó ti rẹ̀ mí, ìlà náà sì dára lójú. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá náà gbẹ́ kànga, erùpẹ̀ amphibolite ni wọ́n sì kó jáde láti ibi tí mo kun ní àwọ̀ schist. Bàbá kò mọ ohun tó ń lọ, ó kàn rí i pé mo ń wo erùpẹ̀ náà, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan ti fi máàpù mi ra ilẹ̀ ńkọ́, tàbí ó ti fi gé igi?

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ní 1919 ni wọ́n dá Geological Survey of Nigeria sílẹ̀, J. D. Falconer ló kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìwé de Swardt lórí àpáta Iléṣà àti àyíká rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà tẹ̀ jáde ní 1953, òun ló sì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ibẹ̀. Nigerian Geological Survey Agency ló ń ṣe é lónìí. Ó ṣeé ṣe kí máàpù tí ẹ̀gbọ́n yín rí jẹ́ abala 243, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilesha. Bó bá jẹ́ òun, sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Oko éékà mẹ́wàá kò ní ju orí ìṣó lọ lórí ìwé yẹn.

Ọkọ̀ òfuurufú náà ti kópa. Láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún yìí, ìjọba gbé iṣẹ́ kan jáde tí ọkọ̀ òfuurufú fi fò yíká orílẹ̀-èdè, ní nǹkan bí 80 mítà sókè ilẹ̀, tí ìlà ìfò kan sì jìnnà sí èkejì ní 500 mítà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń wọn agbára òòfà tó ń ti inú àpáta jáde. Èyí dára púpọ̀ fún ilẹ̀ wa, torí yangí àti igbó kì í dí òòfà lọ́nà. Ibi tí àpáta ti ya máa ń hàn bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ ge àwòrán. Ó tún ń wọn ìtànṣán potassium, uranium àti thorium, ṣùgbọ́n ti oríilẹ̀ lásán nìyẹn, kò jìn ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Ẹ tún wo 500 mítà yẹn: gbogbo oko yín lè wọ àlàfo tó wà láàárín ìlà ìfò méjì.

Ibo wá ni wúrà wà? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n yín, torí kì í ṣe irọ́ pé wúrà wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí àpáta ń ya, omi gbígbóná tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ gba ojú ibi tó ya, ó gbé wúrà díẹ̀díẹ̀ dání. Níbi tí omi náà ti tutù, ó di quartz, wúrà sì dúró sínú rẹ̀. Ìpérìndó ni a ti mọ irú èyí dáadáa jù. Àpáta tí iṣan quartz Ìpérìndó gbà kọjá sì kì í ṣe amphibolite o. Gneiss àti schist ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ojú ìyapa kéékèèké tó jẹ́ ẹ̀ka ti ńlá náà. Àwọ̀ mìíràn ni wọ́n fi kun ibẹ̀ lórí máàpù yìí kan náà. Ìlà ìyapa ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń wá wúrà. Àwọ̀ nìkan kò tó.

Ní Ìtagunmódì àti Igun, inú iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ odò ni wọ́n ti ń wa wúrà. Òjò ti fọ̀ ọ́ kúrò lára àpáta, omi sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ síbi tó ti rọlẹ̀. Nítorí náà, wúrà tí wọ́n rí nínú odò lè ti wá láti òkè odò, kó má sì sí ẹyọ kan lábẹ́ kòkó yín tó wà lẹ́bàá rẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí ó ti kéré tó: ibi ìwakùsà Segilola, tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n sì kọ́kọ́ yọ́ wúrà níbẹ̀ ní oṣù keje 2021, ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́rin nínú tọ́ọ̀nù àpáta kan, wọ́n sì ka ìyẹn sí èyí tó pọ̀. Gíráàmù mẹ́rin kò ju òrùka kan lọ. Tọ́ọ̀nù àpáta kan ni ẹ ó fọ́ kẹ́ ẹ tó rí i, ojú lásán kì í sì í sábà rí i níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wọnú àpáta, tí wọ́n ń fa ọ̀pá òkúta jáde, tí wọ́n ń là á sí méjì, tí wọ́n ń fi ìdajì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n tó mọ̀ pé wúrà náà pọ̀ tó láti wa kùsà rẹ̀. Ọkọ́ àti àdá kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó ń dán tí àwọn ènìyàn ń rí nínú ilẹ̀ amphibolite àti schist kì í sábà jẹ́ wúrà. Bí ó bá ṣí ní pelebe-pelebe bí èèpo àlùbọ́sà, mica ni. Bí ẹ bá fi òòlù gbá a tó fọ́ di ẹ̀tù, pyrite ni. Wúrà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ni lábẹ́ òòlù, kì í fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ òkúta kankan nílé láti fi dán an wò, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Ní Zamfara ní 2010, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà, ó sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Inú ilé wọn ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lára mi.

Ní ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn, òkúta tí wọ́n ṣa jẹ́ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n rí nǹkan. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ẹni tó bá sì fẹ́ wá a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Mining Cadastre Office ní Àbújá. Ìwé àṣẹ ìṣàwárí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wa kùsà. Ìwé ìwakùsà yàtọ̀. Ẹni tó bá sì ba ohun ọ̀gbìn jẹ́ gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún olóko. Òfin náà kan ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú: ẹ̀yin tí ẹ ni oko kò lè kàn bẹ̀rẹ̀ sí wa wúrà níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ sì rántí àwọ̀ tí omi Ọ̀ṣun ní ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tó rú bíi omi amọ̀ títí dé Òṣogbo. Ìwakùsà tí kò bófin mu ní òkè odò, ní apá ọ̀dọ̀ yín, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí. Odò tó ń gba oko yín kọjá, ó ṣeé ṣe kí inú Ọ̀ṣun ni yóò dé gbẹ̀yìn.

Bí wọ́n bá tún padà wá, ẹ bèèrè ẹ̀dà ìwé àṣẹ wọn, kẹ́ ẹ wo orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí yóò parí, kẹ́ ẹ fi wé ohun tó wà lọ́dọ̀ Mining Cadastre. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ṣa òkúta hàn yín, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà GPS tí fóònù yín bá gbé jáde. Nígbà tí omi bá fà ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ wọ odò tó wà nísàlẹ̀ oko, ẹ wo bóyá ẹ̀yìn àpáta yọ síta, kẹ́ ẹ gbá etí rẹ̀ kan ya kí inú rẹ̀ hàn, kẹ́ ẹ fi owó ẹyọ kan tàbí bírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bó ti tóbi tó nínú fọ́tò. Ẹ bá mi bi àwọn òṣìṣẹ́ oko bóyá òkúta funfun wà tó tò lọ lójú ìlà kan nínú ilẹ̀ náà, àti ibi tó kọ orí sí. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó sọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ fún yín, àti ohun tí n kò lè rí. Ẹ fi kòkó náà sílẹ̀ bó ṣe wà ná.